Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣiṣẹ́, tó ń tọ́mọ, tó tún ń tọ́jú arúgbó: kí lẹ gé kúrò kẹ́ ẹ tó rí ara sinmi?

Àríkẹ́ Ìbàfò:
Ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo ní kí n gbé e wá síbí, bóyá ẹni tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá á dá sí i.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Erékùṣù Èkó, Ìbàfò la sì ń gbé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń sọ. Tí aago 5 àárọ̀ bá bá mi nílé, ó ti bàjẹ́ fún mi nìyẹn. Ó di aago 8 alẹ́ kí n tó wọlé, ìyẹn tí tírélà ò bá ṣubú sọ́nà. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, èyí àgbà ń múra fún WAEC, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ nọ́sìrì. Port Harcourt ni iṣẹ́ gbé ọkọ mi lọ, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ìyá ọkọ mi wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ò ṣe é lò dáadáa. Mo máa ń wẹ̀ wọ́n kí n tó jáde, mo tún máa ń wẹ̀ wọ́n tí mo bá dé. Ìyá kan ládùúgbò ló ń bá mi wò wọ́n lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ ká má tíì sọ ti ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ Sátidé, ti WhatsApp kíláàsì àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti aṣọ ẹbí tó jẹ́ pé a ò tíì san gbèsè ọ̀kan tán tí wọ́n á ti mú òmíràn dé.

Orí ń fọ́ mi láti ìpàkọ́. Ẹsẹ̀ mi ń wú tó bá di alẹ́. Nígbà tí mo bá sì rí àyè sùn, oorun ò ní wá. Panadol Extra àti tíì ló ń gbé mi ró. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ́ra fún èèyàn ní Lẹ́kí, kí n máa ṣìkẹ́ ara mi. Mo wo iye tí wọ́n ń gbà, mo rẹ́rìn-ín. Ìyẹn náà á tún di nǹkan tí mo gbọ́dọ̀ wá àyè fún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nírú ipò yìí, kí lẹ gé kúrò? Mi ò béèrè ohun tẹ́ ẹ fi kún un o.

Ìyá Bọ̀lá:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á fún ọ lókun. Kó o tó gé ohunkóhun, ṣé o ti lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ (BP) rẹ? Orí tó ń fọ́ láti ìpàkọ́, ẹsẹ̀ tó ń wú, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Má fi ṣeré rárá.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé:
Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Àríkẹ́. Ìyá Bọ̀lá, ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ yín, ẹ má bínú mà. Òótọ́ ni pé ìfúnpá ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n. Ṣùgbọ́n orí fífọ́ kọ́ la fi ń dá ẹ̀jẹ̀ ríru mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí tiẹ̀ ti lọ sókè gan-an ni ara ò ro, ibi tí ewu rẹ̀ wà gan-an nìyẹn. Torí náà, ẹni tí orí ò fọ́ tó ń ka èyí, kóun náà lọ wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wọ̀n ọ́n ṣe pàtàkì. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ẹ gbé apá lé tábìlì kó wà ní ọ̀gangan àyà. Kẹ́ ẹ ti tọ̀ tán, kẹ́ ẹ má sì tíì mu tíì tàbí kọfí láàárín ààbọ̀ wákàtí. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ sinmi díẹ̀ láàárín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú dáńfó tó sáré yà sí kẹ́míìsì láti wọn ìfúnpá, wàhálà dáńfó ló wọ̀n yẹn. Tó bá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, tí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ó ti ga. Tó bá jẹ́ nílé lẹ ti ń wọ̀n ọ́n, 135/85 la máa ń wò.

Ó wá kan Panadol Extra. Kafeéènì, èyí tó máa ń lé oorun, wà nínú rẹ̀, mílígíráàmù 65 nínú hóró kan. Tẹ́ ẹ bá gbé méjì mì lálẹ́, tẹ́ ẹ tún mu tíì lé e, kí ni oorun fẹ́ wá ṣe? Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ ni pé irú oògùn ara ríro alápòpọ̀ bẹ́ẹ̀, téèyàn bá ń lò ó lọ́jọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lóṣù fún oṣù bíi mélòó kan, òun fúnra ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa orí fífọ́. Ẹ má sì torí ìyẹn sáré lọ mú ibuprofen tàbí diclofenac o. Wọ́n ń gbé ìfúnpá sókè, wọ́n ń dá omi dúró lára, wọ́n sì lè pa kíndìnrín lára.

Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú lálẹ́ tó sì relẹ̀ láàárọ̀, ìjókòó pípẹ́ nínú mọ́tò sábà máa ń fà á. Ẹ gbé e lé ìrọ̀rí tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹyọ ẹsẹ̀ kan ló wú, tó gbóná, tó ń dunni, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí mímí bá ń nira tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Kí wọ́n tún wo ẹ̀jẹ̀ yín bóyá ó tó, pàápàá tí nǹkan oṣù yín bá máa ń pọ̀.

Aláṣọ Gbági:
Ẹ̀yin oníwèé, ẹ máa ń sọ nǹkan di ńlá. Àárẹ̀ ló ń ṣe ọmọ yìí. Láti aago 7 àárọ̀ ni mo ti máa ń wà ní ìsọ̀ mi ní Gbági, mo bímọ márùn-ún, mo kọ́lé, kò sẹ́ni tó gbà mí láyè ìsinmi kankan. Ohun tí mo ṣe ni pé mi ò fọ aṣọ mọ́. Alágbàfọ̀ ń wá lọ́jọ́ Tuesday, owó tí mo ń fún un ò tó èrè aṣọ kan. Tó bá sì di ọ̀sán Sunday, mo ti ìlẹ̀kùn yàrá mi nìyẹn. Ẹni tó bá kú, kó kú títí di aago 4.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kó fún ewúro, kó máa mu omi rẹ̀ láràárọ̀. Àgbo wà fún un dáadáa. Àwọn ìyá wa ò wọn nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé:
Mà, ọ̀rọ̀ alágbàfọ̀ yẹn dára, èmi náà fọwọ́ sí i. Ewúro nínú ọbẹ̀, kò sí wàhálà. Àgbo ni mo fẹ́ ká ṣọ́ra fún. Òmíràn, inú ògógóró ni wọ́n rẹ ẹ́ sí, ọtí sì ń gbé ìfúnpá ga. Ẹni tí dókítà bá ti fún ní oògùn, tó tún ń mu àgbo lé e láìsọ, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń mu ún, ẹ sọ fún dókítà. A ò ní nà yín.

Aláṣọ Gbági:
A ti gbọ́, nọ́ọ̀sì. Àwọn ìyá wa ṣáà dàgbà.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ìyá wa, àwọn tó dàgbà nínú wọn lẹ ń rí. Àwọn tó ṣubú sílé ìdáná lójijì tí wọ́n ní ayé ló ṣe wọ́n, ta ló kà wọ́n?

Bàbá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi jáde, mo mọ̀ pé ọkùnrin ni mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí Àríkẹ́ bá ọkọ ẹ̀ sọ ọ́ ní tààràtà. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ tí wọn ò bá sọ. Ìyàwó mi máa ń dákẹ́, á wá máa gbé abọ́ kalẹ̀ gbàgà-gbàgà, èmi ò mọ ohun tí mo ṣe. Ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ ni mo gba oúnjẹ Sátidé lọ́wọ́ ẹ̀. Ìrẹsì tèmi tiẹ̀ dùn ju tiẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ má sọ fún un.

Mòjí:
Ẹ kú iṣẹ́ ìrẹsì o, Bàbá Ìbejì. Àmọ́ ẹ mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò yín, mọ́tò ò sì sọ̀rọ̀ rí.

Àǹtí Àríkẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo rò pé ó ti ń rẹ̀ yín jù. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Ìrántí ni. Ta ló mọ ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kékeré yẹn kù sí? Ta ló mọ̀ pé oògùn ìyá kù fún ọjọ́ mẹ́ta, pé gáàsì ti ń lọ sílẹ̀, pé kíláàsì ẹlẹ́ẹ̀kejì ní kí wọ́n mú páálí aláwọ̀ ewé wá lọ́la? Tí ọkọ bá ń "ràn yín lọ́wọ́" àmọ́ tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa rán an létí, orí yín ṣì ni ẹrù yẹn wà.

Ẹ gbé iṣẹ́ náà fún un tòun ti ìrántí rẹ̀. Ó wà ní Port Harcourt, kò lè wẹ ìyá. Ó dáa. Ṣùgbọ́n Port Harcourt ò dí WhatsApp lọ́wọ́. Kó wọ àwùjọ kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́ ẹ̀yin jáde. Kó máa pe kẹ́míìsì fún oògùn ìyá, kó máa sanwó, kí wọ́n gbé e wálé. Kó máa pe ọmọ tó ń ṣe WAEC lálaalẹ́, kó bi í léèrè ohun tó kà. Tó bá gbàgbé páálí aláwọ̀ ewé, kí tíṣà bínú sí òun.

Adùkẹ́ Peckham:
Mo ń ka gbogbo yín láti London níbí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àríkẹ́, iṣẹ́ tó ò ń ṣe fún ìyá ọkọ rẹ lọ́fẹ̀ẹ́ láàárọ̀ kó o tó lọ síbi iṣẹ́, òun ni wọ́n ń san owó fún èmi láti ṣe. Wọ́n sì kọ́ mi kí n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ ìwọ. Jẹ́ n sọ díẹ̀ fún ọ, torí ẹ̀yìn rẹ á dùn ọ́ láìpẹ́, tí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀.

Má fa apá tó rọ yẹn láé. Má ki ọwọ́ bọ abíyá wọn láti gbé wọn dìde. Eegun èjìká apá tó rọ máa ń tètè yẹ̀, tó bá sì yẹ̀, ìrora ẹ̀ ò ní jẹ́ kí ìwọ tàbí àwọn sùn. Tí wọ́n bá fẹ́ dìde, kí wọ́n sún bọ́ sí etí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹsẹ̀ wọn kanlẹ̀ dáadáa, kí wọ́n fi ọwọ́ tó le ti bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n tẹ̀ síwájú. Ìwọ kàn máa tì wọ́n lẹ́yìn ni, tẹ orúnkún rẹ, má tẹ ẹ̀yìn. Tó o bá ń wọṣọ fún wọn, apá tó rọ ni kó o kọ́kọ́ ki bọ aṣọ. Tó o bá ń bọ́ ọ, apá tó le ni kó kọ́kọ́ jáde. O máa rí i pé ìdajì ìjàkadì òwúrọ̀ á tán. Gbé àga oníke tó dúró dáadáa sí balùwẹ̀, kí ilẹ̀ má yọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni kó o máa wẹ̀ wọ́n tán pátápátá. Lálẹ́, nu ojú, abíyá àti abẹ́ nìkan. Ìyẹn nìkan máa dá nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí padà fún ọ.

Tèmi, ohun tí mo kọ́kọ́ gé ni aṣọ ẹbí. Mo sọ fún wọn pé tí mo bá wá, aṣọ tó wà nínú àpótí mi ni mo máa wọ̀, màá fi owó sínú àpòòwé. Àwọn kan bínú. Wọ́n ti gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀kejì, fóònù: tí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, mo pa á, mo fi kọ́tìnì dúdú bo fèrèsé. Àwọn ará ilé ní Ìbàdàn máa ń rò pé mò ń sá fún wọn torí owó. Kí wọ́n máa rò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní England níbí, tẹ́ ẹ ti pé 40, tẹ́ ẹ ò sì tíì pé 75, NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, máa ń pe èèyàn fún àyẹ̀wò ara lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún márùn-ún márùn-ún, tí kò bá sí àìsàn bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ má ju lẹ́tà yẹn nù. Tẹ́ ẹ bá sì ń tọ́jú òbí nílé, ẹ pe káńsù kí wọ́n wá wo ipò ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú, yàtọ̀ sí ti aláìsàn. Òfin ọdún 2014 ló fún yín ní ẹ̀tọ́ yẹn, àwa Yorùbá kì í sì béèrè.

Ìyá Àgbà Ọ̀ṣogbo:
Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́? Nínú ooru yìí? Adùkẹ́, òtútù London ti wọ̀ ọ́ lára. Ìyá tó bá dùbúlẹ̀ nínú òógùn, ara á bó.

Adùkẹ́ Peckham:
Ẹ̀yin ìyá mi ló tọ̀nà lórí ooru. Kí wọ́n fi aṣọ tútù nù wọ́n lọ́sàn-án, kí wọ́n gbẹ abẹ́ ọmú àti ìtàn dáadáa. Ìyá tó ń wò wọ́n lọ́sàn-án lè ṣe ìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe ọwọ́ Àríkẹ́ ló gbọ́dọ̀ ti jáde.

Ìyá Bọ̀lá:
Gbogbo àlàyé yìí, ṣebí kó lọ mú ọmọbìnrin kan wá láti oko ni, ọmọ ọdún 12 tàbí 13, kó máa ràn án lọ́wọ́, kó máa rán an lọ síléèwé ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́ àwọn tiwa.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ìyá Bọ̀lá, ẹ forí jì mí. Ọmọ ọdún 12 ló fẹ́ máa gbé arúgbó tí àgbà gan-an ò lè dá gbé? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, ó sì lòdì sí kí wọ́n máa fi ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níta ẹbí rẹ̀. Ká tiẹ̀ gbé òfin tì, ọmọ yẹn á di ẹni kẹrin tí Àǹtí Àríkẹ́ á máa tọ́.

Obìnrin àgbà ni kí wọ́n wá, opó tàbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, tó ń gbé nítòsí. Kí onídùúró wà, kẹ́ ẹ mọ ilé rẹ̀. Kẹ́ ẹ jọ sọ iye owó àti ọjọ́ tí kò ní wá, kẹ́ ẹ sì san án lásìkò. Ìyá àdúgbò tó ń wò wọ́n yẹn, ṣé ẹ̀ ń sanwó fún un àbí "ẹ ṣé o" lásán ni? Tí kò bá gba nǹkan kan, lọ́jọ́ kan kò ní wá, ẹ ò sì ní lè bá a wí.

Olóúnjẹ Mówe:
Aládùúgbò, Mówe ni mo wà. Ilé ìdáná ni mo fẹ́ bá yín dá sí, torí ibẹ̀ ló ń jẹ alẹ́ obìnrin.

Ẹ má lọ ata lójoojúmọ́. Ní Sátidé kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo ra tàtàṣé, rodo, tòmátì àti àlùbọ́sà, wọ́n lọ̀ ọ́ fún mi lọ́jà. Mo gbé e kaná, mi ò da òróró sí i o, mo sè é títí omi ẹ̀ á fi gbẹ, tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ìgbà yẹn ni mo da òróró tó pọ̀ sí i, mo dín in títí òróró á fi léfòó, tí ata á pupa rẹ́súrẹ́sú, tí òórùn kíkan ẹ̀ á ti lọ. Mi ò fi iyọ̀ sí i. Tó bá tutù, mo bù ú sínú ike kéékèèké, ìwọ̀n ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, ó di inú fíríìsà. Tí NEPA bá ṣe tiwọn, mo gbé gbogbo ẹ̀ kaná padà kó hó dáadáa. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹran sísè àti ìṣẹ́jú díẹ̀, ọbẹ̀ ti délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni àáró. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é lóko, oko tèmi lónìí, oko tìẹ lọ́la, la ṣe ń ṣe é ní òpópónà wa. Ilé mẹ́rin ni wá. Sátidé kan, ilé kan gba gbogbo ọmọ láti àárọ̀ di aago 3: oúnjẹ, iṣẹ́ àṣetiléwá, gbogbo ẹ̀. Àwọn ìyá mẹ́ta yòókù lómìnira. Ọjọ́ tó kàn ọ́ máa ń le, mi ò ní parọ́. Ariwo yẹn á pọ̀. Àmọ́ Sátidé mẹ́ta lẹ máa fi sùn.

Òfin wa: ẹni tó bá lo ọjọ́ òmìnira ẹ̀ láti lọ fọ aṣọ, a máa bú u.

Ìyá Àgbà Ọ̀ṣogbo:
Mo ti ń dúró kí ẹnì kan béèrè, kò sẹ́ni tó béèrè. Àríkẹ́, ìyá ọkọ rẹ bí mélòó?

Àríkẹ́ Ìbàfò:
Márùn-ún mà. Ọkọ mi ni ìkẹta. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wà ní Abẹ́òkúta, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin wà ní Kánádà, àwọn àbúrò méjì wà ní Èkó. Wọ́n máa ń pè. Wọ́n máa ń ní "ìyàwó wa, Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Ìyá Àgbà Ọ̀ṣogbo:
Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ márùn-ún, ọwọ́ ẹyọ ìyàwó kan. Ibi tí wàá ti gé nǹkan kúrò nìyẹn, gbogbo èyí tí wọ́n ń sọ lókè, ẹ̀yìn ìyẹn ló kàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ ló máa pè wọ́n jọ. Ìyàwó kì í pe ìpàdé ọmọ ìyá. Tó o bá pè é, wọ́n á ní ìyá ti sú ọ, ọ̀rọ̀ náà á sì di ti ìwà rẹ. Ọkọ rẹ ni kó pè wọ́n, kó sì pè é nígbà tó bá wálé, kí ìyá wà níbẹ̀. Kó má sọ pé "ó ti rẹ ìyàwó mi." Kó sọ pé ìtọ́jú tí Màámi ń fẹ́ ti ju ohun tí ilé kan lè ṣe lọ. Kó wá pín in: ti Kánádà, kó san owó obìnrin tó máa wà nílé lójúmọ́. Ti Abẹ́òkúta, kó wá gba ìyá fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì, tí ilé rẹ̀ bá gbà á. Àwọn ti Èkó, kí wọ́n pín Sátidé mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kí ẹnì kan máa san owó oògùn. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ o. Ohun tí wọn ò bá kọ, wọ́n á gbàgbé kí wọ́n tó dé ẹnu géètì.

Mòjí:
Ìyá wa, gbogbo ẹ̀ ni mo gbà, àyàfi ọ̀kan. Kí ló dé tí wọn ò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́? Ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Tá a bá ń fi í pamọ́, wọ́n á rò pé ó rọrùn.

Ìyá Àgbà Ọ̀ṣogbo:
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ṣé ìrànlọ́wọ́ lẹ fẹ́ gbà ni àbí ẹjọ́ lẹ fẹ́ jàre? Mo wà nílé ọkọ kí wọ́n tó bí ẹ. Mo mọ èdè tí wọ́n ń gbọ́.

Mòjí:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ò bá yín jà. Àmọ́ mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Àríkẹ́ Ìbàfò:
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti wọn ìfúnpá bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ, lórí ìjókòó jẹ́ẹ́, lọ́jọ́ tí mi ò lọ síbi iṣẹ́. 152/96, lẹ́yìn náà 148/94. Àyà mi já díẹ̀. Ẹnì kan ní kí n mú nínú oògùn ìyá, pé àìsàn kan náà ni.

Ọkọ mi ti wọ WhatsApp kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ kìíní kò tíì pé tó fi pè mí pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń kọ nǹkan síbí lóru lóru nìyí?" Ó ti gbà láti pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀. Apá mélòó nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà àti apá mélòó nínú ti Mòjí ló máa sọ, mi ò mọ̀, torí ẹnu ẹ̀ ò ní ìdádúró. Mo ti sọ fún àwọn méjì pé mi ò ra aṣọ ẹbí. Ìyá àdúgbò ti ń gba owó báyìí, ó sì yà mí lẹ́nu pé ó ti ń fẹ́ béèrè tipẹ́.

Àwọn tó fi ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀ pé ẹgbẹ́ akọrin ni kí n kọ́kọ́ fi sílẹ̀, mo gbọ́ o, àmọ́ mi ò ní ṣe é. Wákàtí méjì yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni ò pè mí ní Mọ́mì, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín dénú.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé:
Ẹ má jáwọ́ nínú orin, Àǹtí. Mo wà lẹ́yìn yín.

Oògùn ìyá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Oríṣiríṣi ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tẹ́ ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ kì í ṣe tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ìwọ̀n rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ sọ fún un tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró, nítorí àwọn kan nínú wọn ń gbé ìfúnpá ga. Tí ọ́fíìsì yín bá ti forúkọ yín sílẹ̀ sí ìbánigbófò ìlera, ọ̀rọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ lò ó fún nìyí. Ẹ̀ ń san án lóṣooṣù.

Iyọ̀: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan, títí kan èyí tó wà nínú Maggi, búrẹ́dì àti indomie. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ata Olóúnjẹ Mówe nìyẹn, kò sí iyọ̀ nínú ẹ̀.

Tí ẹ bá rí 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó díẹ̀ kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Tó bá ṣì wà níbẹ̀, tí àyà ń dùn yín, tí ojú ń ṣe bàìbàì tàbí tí ẹnu fẹ́ wọ́, ẹ má dúró de ọ̀la, ẹ má sì dúró de ọkọ.

Aláṣọ Gbági:
Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ mi ra ẹ̀rọ ìwọ̀nfúnpá kan wálé. Mi ò ní kí n wọ̀n ọ́n o, ó kàn wà níbẹ̀ ni mo fi gbìyànjú ẹ̀ wò. Aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá yẹn ò fẹ́ yí apá mi ká, ó ń já yọ. Ó sì gbé nǹkan ńlá jáde. Ṣé ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́?

Nọ́ọ̀sì Ṣadé:
Mà, ó lè má bàjẹ́. Tí aṣọ yẹn bá kéré ju apá lọ, ó máa ń ka ìfúnpá ju bó ṣe wà lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi téèpù wọn agbedeméjì apá yín, láàárín èjìká àti ìgúnpá. Ìwọ̀n tí aṣọ náà lè gbà wà lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32. Tí tiyín bá ju ìyẹn lọ, wọ́n ń ta èyí tó tóbi lọ́tọ̀, kí wọ́n ra ti ẹ̀rọ kan náà. Kẹ́ ẹ tó rí i rà, ẹ yà sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ìsọ̀ yín, kí wọ́n fi tiwọn wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tí ẹ̀rọ ilé gbé jáde fún wọn. Èló gan-an ló gbé jáde, mà?

Aláṣọ Gbági:
Màá fi ránṣẹ́ sí ọ lábẹ́lẹ̀.